Àkàbà Tí Mo Yá Lọ́wọ́ Káfíńtà

Fún bí oṣù mẹ́rin, àkàbà kan wà lẹ́yìn ilé mi tí kì í ṣe tèmi. Igi tíìkì ni wọ́n fi ṣe é, ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlá ló ní, ẹni tó ni ín ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án. Tí mo bá jáde láàárọ̀ láti bọ́jú, òun ni mo kọ́kọ́ máa ń rí níbi tó fara ti ògiri ilé ìdáná. Ìyàwó mi bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ìgbà wo ni mo fẹ́ dá a padà. Lẹ́ẹ̀kejì, mo jágbe mọ́ ọn, kò sì bi mí mọ́. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Ohun tó bá ń jẹ mí lọ́kàn, orí ẹlòmíràn ni mo máa ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Èrúwà ló gbé àkàbà náà dé ilé mi. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí a wó, ilé alámọ̀ ni, sìmẹ́ǹtì la fi rẹ́ ẹ lára, páànù rẹ̀ sì ti dógùn-ún tipẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní ìgbátí. Ìgbátí yẹn, etí òrùlé, yọ síta kọjá ògiri débi pé tí òjò bá ń rọ̀ lásìkò ìsìn, àwọn tó pẹ́ dé á dúró sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á máa gbọ́ ìwàásù, ẹ̀kán omi kan ò ní kàn wọ́n. Mo mọ àwọn ọkùnrin kan tó jẹ́ pé abẹ́ ìgbátí yẹn ni wọ́n ti sin Ọlọ́run títí wọ́n fi kú, tí wọn ò jókòó sórí àga rí.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ìjọ fi mí ṣe alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé. Wọ́n ní mo mọ̀wé, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá agbaṣẹ́ṣe sọ̀rọ̀. Mo gbà á bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, mo ń wo àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tuntun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, àwọn tí ògiri wọn ga kọjá òrùlé, tí ẹni tó wà nílẹ̀ ò lè rí páànù kankan. Párápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pe irú ògiri bẹ́ẹ̀. Láti ìta, ilé náà máa ń dà bíi páálí bàtà tuntun. Mo bá sọ fún ara mi pé Èrúwà náà gbọ́dọ̀ ní irú rẹ̀.

A sì kọ́ ọ. A fi táìsì dídán tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, a fi fèrèsé gíláàsì onífífà sí i, a fi róbà funfun ṣe àjà rẹ̀, a sì fi aṣọ pupa bo tìmùtìmù ìjókòó àwọn akọrin. Ẹni tó bá ti Ìbàdàn bọ̀ á rí ilé ìṣọ́ rẹ̀ kó tó rí ìlú. Inú mi ń dùn tí àwọn àlejò bá ń bèèrè pé ta ló ya àwòrán rẹ̀. Mi ò ya nǹkan kan o, ṣùgbọ́n mi ò kì í yára sọ bẹ́ẹ̀.

Káfíńtà tó kan òrùlé rẹ̀, bàbá rẹ̀ ló kan ti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Mùsùlùmí ni wọ́n. Ilé wọn ti ń kírun kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí àdúgbò wa. Nígbà tí wọ́n ń kan òrùlé àtijọ́ náà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá náà sì ti kú, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé lọ́dọọdún, òun á gbé àkàbà rẹ̀ wá, á gun orí òrùlé wa, á kó ewé dànù, á lu ìṣó tó bá ti yọrí. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Tí a bá ní kó jẹ nǹkan, á ní iṣẹ́ bàbá òun ni, òun ò ní jẹ́ kó jò lójú òun.

Ọjọ́ tí mo tẹ́ àwòrán ilé tuntun sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó wò ó títí.

"Alága," ó ní, "ìgbátí rẹ̀ dà?"

Mo ní ayé ti lajú kọjá ìgbátí.

"Omi ò tíì lajú o," ló wí.

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín, nítorí lójú mi, èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé tí ògiri bá yí òrùlé ká báyìí, inú àwo la kọ́ ilé sí, gbogbo omi òjò ni yóò dúró sínú àwo náà àfi tó bá rí ihò gbà jáde. Ó ní kí a yọ páìpù mẹ́rin síta ní ẹ̀gbẹ́ tí òrùlé dà sí. Mo ní páìpù mẹ́rin á ba ojú ilé jẹ́, méjì tó. Ó ní ta ni yóò máa gùn ún lọ́dọọdún láti yọ ewé igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kúrò lẹ́nu páìpù méjì yẹn. Mo ní kó má ṣèyọnu, a ti ní ìgbìmọ̀ ìtọ́jú ilé, kì í ṣe dandan kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ máa gun orí ilé Ọlọ́run lọ́dọọdún. Gbólóhùn yẹn jáde lẹ́nu mi báyìí, ó sì gbọ́ ọ. Ìgbìmọ̀ ìtọ́jú ilé náà ò jókòó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n yan akọ̀wé, wọ́n sì túká.

Ó yẹ kí n sọ ti ìyá mi níbí. Òun ló ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Kò sẹ́ni tó yàn án, kò sì joyè kankan nínú ìjọ. Ní gbogbo Sátidé, á mú ìgbálẹ̀ rẹ̀, á wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà sọ, á gbá a láti ìdí pẹpẹ dé ẹnu ọ̀nà. Ọdún tí wọ́n ń kan òrùlé ọjọ́sí, ààwẹ̀ bá àwọn káfíńtà lórí iṣẹ́, ìyá mi sì máa ń gbé àkàrà pamọ́ de ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yẹn títí di ìgbà ìṣínu. Nígbà tí a parí ilé tuntun, mo ní kí wọ́n gbẹ́ orúkọ ìyá mi sára òkúta mábù dúdú, kí wọ́n fi àwọ̀ wúrà kun ún, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tí gbogbo èèyàn ń gbà wọlé. Tí mo bá ní tìtorí ìyá mi nìkan ni, irọ́ ni mò ń pa. Orúkọ tó kẹ́yìn lára òkúta yẹn, èmi náà ń jẹ́ ẹ.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Bíṣọ́ọ̀bù wá ya ilé náà sí mímọ́. Mo lọ wo bí ilé ṣe rí, mo sì rí i pé ọ̀kan nínú páìpù méjèèjì wà lókè òkúta ìyá mi gan-an. Omi rẹ̀ ń já lulẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń ta ẹrẹ̀ pupa sí i lára, ẹrẹ̀ náà ti bo orúkọ rẹ̀ dé ìdajì. Mo fi áńkáṣíìfù mi nù ún. Òjò tún rọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó tún bò ó.

Ká ní mo pe káfíńtà, iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni. Á fa páìpù náà gùn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó parí. Ṣùgbọ́n tí mo bá pè é, mo ti gbà pé òun ló mọ̀ jù mí lọ nípa páìpù, mi ò sì fẹ́ ìyẹn. Ní Sátidé tí Bíṣọ́ọ̀bù máa dé lọ́la rẹ̀, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo ní kó yá mi ní àkàbà, a fẹ́ fi so ọ̀ṣọ́ mọ́ ara ilé. Ó gbé e fún mi lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ rọra o, Alága," ó ní. "Ìgbésẹ̀ kẹta láti òkè máa ń mì. Mo ti fẹ́ kàn án tipẹ́."

Mo dúró títí àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ fi lọ jẹun ọ̀sán. Mo gé tìmùtìmù pupa kan tó ṣẹ́kù lára ti àwọn akọrin sí méjì, mo fi láílọ́ọ̀nù wé ìdajì rẹ̀, mo gun òkè lọ, mo sì tì í bọ ẹnu páìpù náà láti inú. Mo fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wọlé kó le dáadáa. Mo ní tó bá di Monday, màá yọ ọ́.

Lọ́jọ́ Sunday, òjò wínníwínní kan rọ̀, kò sì sí ẹrẹ̀ kankan lára òkúta náà. Bíṣọ́ọ̀bù dúró níwájú rẹ̀, ó ka orúkọ ìyá mi sókè, ó sì gbàdúrà fún ìdílé wa. Orí mi wú. Nígbà tó fi máa di Monday, mo ti gbàgbé. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, àwọn àgbà ò purọ́ mọ́ mi.

Òjò wá dá. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ẹ̀kán kan ò kán sílẹ̀. Àgbàdo ń rọ lóko, àwọn àgbẹ̀ ń wo ojú ọ̀run. Ìjọ wa gbàdúrà òjò ní Sunday mẹ́ta léra wọn, wọ́n sì ní kí èmi darí ìkẹta. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó ṣí fèrèsé ọ̀run, kó rọ̀jò lé wa lórí láìsí ìdádúró. Gbogbo ìjọ ṣe àmín kíkan.

Ó dé ní ọ̀sán Fráídè. Ó ṣú láti ìhà Ayétẹ̀, ó sì rọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí méjì láìsinmi. Àwọn ìyá tó ń ṣe àdúrà ọjọ́ Fráídè ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, wọ́n dúró sábẹ́ ilé ìṣọ́ ni, nítorí kò sí ìgbátí tí wọn ì bá sá sí. Ẹnu ibẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n fi gbọ́ ariwo. Àjà tó wà lókè àwọn akọrin já wá sílẹ̀ lódindi, pẹ̀lú omi tó ti ń gbára jọ sórí rẹ̀, ó wó lé dùùrù àti àga ìwàásù. Ìyá kan sọ fún mi pé òun ṣì gbé Bíbélì òun sórí àga níbẹ̀, òun fẹ́ padà lọ mú un ni òjò fi dá òun dúró.

Àlùfáà fi fóònù pè mí, mo sáré dé ibẹ̀. Omi dé ọrùn ẹsẹ̀ mi lórí táìsì. Mo wo òkè, mo rí ojú páànù láti inú ihò tó là sára àjà, gbogbo rẹ̀ sì padà sọ́kàn mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ewé máńgòrò ti dí páìpù kan. Èmi ni mo dí èkejì. Mo fara ti òpó. Àwọn èèyàn ní kí n rọra, wọ́n ní wọ́n mọ bí mo ṣe fẹ́ràn ilé náà tó.

Ní kùtù òwúrọ̀ Sátidé, mo lọ síbẹ̀ pé kí n yọ tìmùtìmù náà kí ẹnikẹ́ni tó gun òkè. Káfíńtà ti ṣáájú mi. Àkàbà ọparun kan tó yá lọ́wọ́ akùnlé ló gbé ti ògiri, nítorí tirẹ̀ wà lẹ́yìn ilé mi. Ó ti wà lókè, ó yọrí jáde lókè párápẹ́ẹ̀tì, ó sì di tìmùtìmù pupa náà mú, omi ń ro lára rẹ̀. Ó wò mí. Èmi náà wò ó. Mo kí i pé ẹ kú iṣẹ́. Ó dáhùn pé ẹ kú àárọ̀, Alága. Ó ki tìmùtìmù náà bọ inú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ewé.

Gbogbo ọjọ́ yẹn, mo ń retí kó sọ ọ́. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti wá mọ̀ nísinsìnyí pé èmi ló ń dúró dè.

Lọ́jọ́ Sunday, Àlùfáà ní kí káfíńtà wá, kó lè ṣàlàyé fún ìgbìmọ̀ ìjọ lẹ́yìn ìsìn. Ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó di fìlà rẹ̀ mú lórí orúnkún. Nígbà tó kan àsìkò ẹ̀rí, tí Àlùfáà bèèrè pé ta ni Olúwa ṣe nǹkan fún, mo dìde. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, ó wà nínú àpò mi. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tó bá dìde fún ẹ̀rí kì í rìn lásán dé iwájú. Orin ni wọ́n máa fi sìn ín. Àwọn akọrin gbé orin ọpẹ́, ìjọ bọ́ síta, wọ́n jó yí mi ká, obìnrin kan nu òógùn ojú mi. Nígbà tí mo dé iwájú, tí wọ́n dákẹ́, ojú gbogbo wọn ń tàn sí mi. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tí kò jẹ́ kí àjà náà wó pa ẹnikẹ́ni, pé èṣù gbìyànjú, ó kùnà. Wọ́n tún gbé orin. Wọ́n jó mi padà sí àga mi. Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun nìkan ló jókòó.

Lẹ́yìn ìsìn, ìgbìmọ̀ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n bi káfíńtà pé kí ló fà á. Ó ní omi ò rọ́nà jáde ni. Ẹnì kan ní ta ló yẹ kó rí i pé omi rọ́nà jáde, ṣebí ẹni tó kan òrùlé ni.

"Ẹ bi Alága," ló wí, jẹ́jẹ́.

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Ó fún mi láàyè. Mo rí i pé ó fún mi láàyè, nítorí ó dákẹ́, ó sì ń wo ilẹ̀, kí wíwò rẹ̀ má baà tì mí síwájú tàbí sẹ́yìn.

"Òrùlé," mo ní, "iṣẹ́ káfíńtà ni òrùlé."

Gbólóhùn náà kì í ṣe irọ́. Òun ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ti sọ láyé mi. Káfíńtà dìde, ó dé fìlà rẹ̀, ó kí wa, ó lọ. Ìgbìmọ̀ pinnu pé kò ní ṣiṣẹ́ fún ìjọ mọ́. Wọ́n kọ lẹ́tà. Nítorí pé èmi ni alága ìkọ́lé, èmi ni wọ́n ní kí n buwọ́ lù ú, mo sì buwọ́ lù ú.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lọ́nà ní Ìbàràpá. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo gbọ́ pé àwọn tó ń kọ́ mọ́sáláṣí tuntun ní Ìgàngán, tí wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀ lórí òrùlé wọn, ti mú ẹlòmíràn. Wọ́n ní tí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì Èrúwà ò lè pé oṣù mẹ́ta, kí ni tiwọn yóò ṣe. Ọkùnrin tí òun àti bàbá rẹ̀ ti kan òrùlé fún bíi ọgọ́ta ọdún ní agbègbè yìí, ó wá ń kan ilé adìyẹ.

Ìdí iṣẹ́ yẹn ni mo ti lọ bá a. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ẹrẹ̀ ara òkúta títí dé orí lẹ́tà. Mo tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀ nínú ìyẹ̀fun igi. Ó jẹ́ kí n parí. Ó ń fi ọwọ́ wọn pákó kan lọ.

"Mo ti mọ̀ láti orí òrùlé," ó ní. "Ṣé èmi lẹ wá ń sọ ọ́ fún?"

Mo dìde, mo gbọn ìyẹ̀fun igi kúrò lára aṣọ mi, mo lọ bá Àlùfáà. Mo sọ ọ́ fún òun náà. Ọ̀dọ́ ni, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ní, "Bàbá, Ọlọ́run ti dárí jì yín. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá dé etí Bíṣọ́ọ̀bù pé alága ìkọ́lé wa fúnra rẹ̀ ni, ìtìjú gbogbo wa ni. Ọkùnrin náà kì í sì í ṣe ọmọ ìjọ." Ọkàn mi fúyẹ́ bí mo ṣe ń bọ̀ wálé. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí, mo tilẹ̀ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun lọ́nà.

Kò pẹ́ tí ara mi ò tún gbà á. Òjò ń rọ̀, páìpù ti là, ẹrẹ̀ pupa sì ń bo orúkọ ìyá mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mi ò lè wò ó. Mo bá rò ó pé màá yọ òkúta náà kúrò, pé ìyẹn ni màá fi jẹ ara mi níyà. Mo mú bíríkìlà kan lọ ní ọ̀sán Fráídè kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣísẹ́ẹ̀lì gbẹ́ etí rẹ̀. Àwọn tó kírun Jímọ́ọ̀ ń darí sílé. Káfíńtà wà lára wọn. Ó yà sí wa, ó wo ṣísẹ́ẹ̀lì, ó wo òkúta.

"Kí lẹ fẹ́ ṣe sí i?" ó bi mí.

Mo ní mo fẹ́ yọ ọ́ ni, mo ní òun ló fa gbogbo wàhálà yìí.

"Kí ni màmá ṣe?"

Bí ó ṣe bèèrè nìyẹn, kò pariwo. Ó kí bíríkìlà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo wo òkúta náà, mo rí i pé ohun tí mo ṣe sí káfíńtà lábẹ́ igi máńgòrò ni mo tún fẹ́ ṣe sí ìyá mi. Ẹ̀bi tó bá ti jẹ́ tèmi, mo gbọ́dọ̀ rí ẹnì kan gbé e lé lórí. Ìyá mi tó ti kú ló kàn báyìí. Mo ní kí bíríkìlà lẹ etí òkúta padà, mo sì lọ sílé.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, mi ò dìde lásìkò ẹ̀rí. Mo ti mọ ohun tí orin máa ń ṣe sí mi. Mo dúró kí ìsìn tú, kí gbogbo èèyàn délé, kí wọ́n jókòó síta láti gbafẹ́. Mo bọ́ agbádá, mo gbé àkàbà kúrò lára ògiri ilé ìdáná, mo gbé e lé èjìká. Ìyàwó mi ní kí n jẹ́ kí òun wá ẹni bá mi gbé e. Mo ní rárá.

Ilé káfíńtà ò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n kò sí bí àgbàlagbà ṣe máa gbé àkàbà gba àárín ìlú lọ́sàn-án Sunday tí wọn ò ní kí i, ẹni tó bá sì kí i gbọ́dọ̀ bèèrè. Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ìjọ, ó jókòó sí fàráńdà rẹ̀.

"Alága, ẹ kú iṣẹ́ o. Níbo lẹ̀ ń gbé àkàbà lọ lọ́jọ́ ìsinmi?"

"Mo fẹ́ dá a padà fún káfíńtà. Àkàbà yìí ni mo gùn tí mo fi lọ dí ẹnu páìpù ṣọ́ọ̀ṣì tí àjà fi já."

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Mo sọ àkàbà kalẹ̀, mo sọ ọ́ fún un látòkèdélẹ̀. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo parí, kò kí mi mọ́. Mo tún gbé àkàbà mi.

Ní ìkòríta, ìyá arúgbó kan tó ń ta ẹ̀kọ yọ mí lẹ́nu, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. "Ẹ wo irú ẹrù! Ṣé kò sí ẹni tó máa bá yín gbé e ni? Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn..."

"Ni yóò ru igbá rẹ̀ délé," mo ní. "Èmi gan-an nìyẹn, Màmá." Mo sọ ọ́ fún òun náà. Ó pàtẹ́wọ́, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní ká ní ìyá mi wà láyé tó gbọ́ èyí ńkọ́. Ìyẹn dùn mí ju ìwúwo àkàbà lọ.

Mo dúró nígbà mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Àwọn kan gbà mí níyànjú, àwọn kan sì kọ ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọkùnrin kan tó ti bú káfíńtà lábẹ́ igi máńgòrò bá èmi náà jà lójú títì, mo sì dúró kó bú mi tán. Nígbà tí mo fi máa dé ẹnu ọ̀nà káfíńtà, èjìká mi ti bó, ìròyìn sì ti ṣáájú mi débẹ̀. Ó jókòó síta lórí àga onígi, ó ń retí mi.

Mo gbé àkàbà ti ògiri. Ó dìde, ó fi ọwọ́ kan ìgbésẹ̀ kẹta láti òkè, ó mì í wò.

"Ó ṣì ń mì," ó ní.

Mo ní mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kàn án.

Ó tún jókòó. Ó na ọwọ́ sí àga kejì pé kí n jókòó, ó sì ní kí wọ́n bu omi fún mi. Mo mu ún tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní ẹ ti sọ ọ́ fún gbogbo Èrúwà."

Mo ní gbogbo ẹni tó bi mí ni mo sọ fún.

Ó mi orí.

"Ó ku Ìgàngán," ó ní.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Láàárọ̀ Monday, mo lọ sí gáréèjì, mo wọ ọkọ̀ Ìgàngán.